Ẹ Yẹ Orí Bátìrì Wò Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Cypress lẹ́bàá Houston, bí mọ́tò àtijọ́ yín bá kọ̀ tí kò sítáàtì, ẹ má sáré ra bátìrì tuntun mọ́. Lóòótọ́, ooru Houston máa ń pa bátìrì, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo orí rẹ̀: ṣé ìdọ̀tí funfun bí iyọ̀ kò bò ó? Èyí ni mo ń bá pàdé jù. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ tú wáyà nẹ́gétíìfù, ẹ ha ìdọ̀tí náà kúrò, kí ẹ sì dè é padà kó le dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà wọn bátìrì náà. Bátìrì tó kún máa ń fi 12.6 fólítì hàn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó lé ní 13.5. Bí kò bá gòkè, ẹ yẹ ọtanétọ̀ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbiná, ẹ wo fíùsì, pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di wáyà pọ́lọ́ọ̀gì mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí o: ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì ló wà níbẹ̀.