Ẹsẹ̀ Tó Bá Télískóòpù Àtijọ́ Mu

Ọmọ mi, o ti ra télískóòpù Unitron 60mm, ó sì dára, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀. Má kánjú. Jàpáàn ni wọ́n ti ṣe é, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti tà á káàkiri ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Ibẹ̀ ni kó o ti máa wá ẹsẹ̀ onígi rẹ̀.

Orúkọ Unitron nìkan kò tó. Wọ́n ṣe ti 75mm àti 102mm pẹ̀lú, ẹsẹ̀ àwọn yẹn lè má bá tìrẹ mu. Àwọn ọlọ́jà a sì máa kọ “ojúlówó” sí ohun gbogbo! Wọn àlàfo etí irin tí orí ẹsẹ̀ ń wọ̀, wọn ihò bóòtù náà, mìlímítà ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Kí ọlọ́jà náà gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kó tó ya fọ́tò ránṣẹ́. Bóòtù oní-ínṣì tó o bá fi tipátipá dè yóò ba eyín irin jẹ́.

Yẹ igi náà wò níbi tí bóòtù ti gbà á kọjá. Ibẹ̀ ló máa ń là. Bèèrè ohun tó ń so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí wọ́n má baà yà.

Nígbà mìíràn, ó sàn kó o ra odindi Unitron 60mm mìíràn tí dígí rẹ̀ ti fọ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o kò bá lè dúró, káfíńtà lè gbẹ́ òmíràn fún ọ ná. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó lu ihò tuntun sí irin tí orí ẹsẹ̀ ń wọ̀ o.