Orí Kẹfà: Ẹni Tó Ń Fi Ẹṣin Da Màlúù

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, bí ẹ bá gba títì 78 láti Atlanta lọ sí Athens, ẹ ó kọjá Snellville kí ẹ tó dé Loganville. Loganville wà lórí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ Gwinnett àti ti Walton. Lápá Gwinnett, ilé tuntun ló pọ̀, ṣọ́ọ̀bù ló pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọrí sí ọ̀nà Monroe, àwọn ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Ẹ ó rí pápá koríko, ẹ ó rí wáyà tó yí i ká, ẹ ó sì rí màlúù dúdú tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé á béèrè pé: darandaran dà? Nílé, níbi tí màlúù bá wà, Fúlàní kan á wà nítòsí, àkẹtẹ̀ lórí, ọ̀pá léjìká. Níhìn-ín, ẹ kò ní í rí ẹnì kankan. Wáyà yẹn ni darandaran.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látijọ́. Nígbà kan, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ̀ káàkiri inú igbó Georgia bó ṣe wù wọ́n. Àgbẹ̀ ló ń ṣọgbà yí oko rẹ̀ ká. Bí ẹran bá wọ oko tí kò lọ́gbà tó dáa, àgbẹ̀ ni wọ́n máa dá lẹ́bi. Ní 1872, òfin Georgia fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti dìbò yí i padà, kí ó di pé ẹlẹ́ran ló ń ṣọgbà fún ẹran rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà ńlá sílẹ̀. Tálákà tó ní màlúù kan ṣoṣo, tí kò ní ilẹ̀, níbo ni kí màlúù rẹ̀ ti máa jẹ̀? Ẹni tó bá rántí awuyewuye tó wà nídìí òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019, tó ní kí wọ́n má da ẹran káàkiri mọ́, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa.

Ní agbègbè Loganville, agbo kì í sábà tóbi, pápá náà kò sì lọ títí. Bí olówó ẹran bá gbé korobá oúnjẹ lọ́wọ́, tó sì pè wọ́n, wọ́n á tẹ̀ lé e. Àmọ́ ní Texas, Wyoming tàbí Montana, pápá ẹnì kan lè tóbi ju ìlú mìíràn lọ. Òkè wà níbẹ̀, àfonífojì wà, odò wà. Ọkọ̀ kò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ẹṣin ló lè débẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun ogun àti ohun ọlá ni ẹṣin. Ọmọ ogun Ọ̀yọ́ fi jagun, ọba àti ìjòyè ń gùn ún. Lọ́dọ̀ tiwọn, irinṣẹ́ ni, bí àdá àti ọkọ́ ṣe jẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní káòbọ́ì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti jí. Ẹṣin ló ń kọ́kọ́ tọ́jú. Á fi búrọ́ọ̀ṣì nu ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, torí bí ẹ̀gún kékeré kan bá wà lábẹ́ gàárì, á ti di egbò kó tó dọ̀sán. Á gbé ẹsẹ̀ ẹṣin lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi irin kékeré yọ ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò nínú pátákò. Lẹ́yìn náà ló ń tẹ́ aṣọ tó nípọn sí i lẹ́yìn, kó tó gbé gàárì lé e.

Ọ̀já kan wà tó gba abẹ́ ikùn ẹṣin kọjá, òun ló mú gàárì dúró. Ẹṣin mìíràn gbọ́n. Bí wọ́n bá ń fa ọ̀já yẹn, á fẹ́ ikùn. Bó bá mí síta tán, ọ̀já á dẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, tó kàn gùn ún, gàárì á yí mọ́ ọn nídìí, á bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọṣẹ́ á fa ọ̀já, á mú ẹṣin rìn díẹ̀, á sì tún fà á lẹ́ẹ̀kejì kó tó gùn ún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń da màlúù, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú màlúù wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo ohun tó yí i ká, àfi ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ fojú inú wo àyíká kan tó yí màlúù ká, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀. Bí ẹlẹ́ṣin bá tẹ etí àyíká yẹn, màlúù á rìn. Bó bá fà sẹ́yìn, màlúù á dúró. Bó bá já wọ àárín rẹ̀ lójijì, màlúù á sá, tàbí kó kọjú ìjà sí i. Ohun kejì ni èjìká. Bí ẹlẹ́ṣin bá wà lẹ́yìn èjìká màlúù, iwájú ni màlúù máa lọ. Bó bá ré èjìká kọjá sí iwájú, màlúù á yí padà. Ìṣísẹ̀ kan péré ló máa ń dá a. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Colorado State University, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọlọ́sìn àti àwọn ilé ìpẹran ní ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn bí a ṣe lè da màlúù láìsí igbe, láìsí ẹgba.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba sinimá gbọ́, níbi tí ẹlẹ́ṣin ti ń sáré, tó ń yìnbọn, tí eruku ń sọ. Màlúù tó ń sáré ń jó ẹran ara tí olówó rẹ̀ fẹ́ tà. Jẹ́jẹ́ ni ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́ ń lọ, tí agbo á máa rìn bíi pé àwọn fúnra wọn ló wù láti lọ.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì wà tí káòbọ́ì kì í da ẹran lọ síbi kankan. Á yí wáyà wò bóyá ó já. Á wo omi. Nígbà ìbímọ, á máa bẹ ẹgbọrọ abo tó fẹ́ bí àkọ́bí wò. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ yọ, kí imú tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá yọ, ìrànwọ́ ti yá nìyẹn. Bí ọmọ màlúù bá ń ṣàìsàn níbi tó jìnnà sí ilé, á ta ojóbó, á jù ú mọ́ ọn lọ́rùn, á sì yára wé ìdí okùn mọ́ òpó kékeré tó wà níwájú gàárì. Níbẹ̀ ni kó ti ṣọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá há sáàárín okùn àti òpó nígbà tí màlúù bá fà, okùn lè gé e kúrò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin.

Ará Sípéènì ló mú màlúù, ẹṣin àti irú gàárì yìí wọ Mẹ́síkò, láti ibẹ̀ ló ti dé Texas. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí sinimá kì í sábà sọ, tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí sọ fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó parí ní 1865, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń da màlúù láti Texas lọ sí ibùdó rélùwéè ní Kansas jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nínú mẹ́rin, ó tó ọ̀kan. Bose Ikard, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, wà lára wọn. Bill Pickett náà, tí wọ́n bí ní Texas ní 1870, máa ń fò láti orí ẹṣin mú màlúù níwo, á sì fi eyín gé e ní ètè títí á fi ṣubú. Ó kú ní 1932, lẹ́yìn tí ẹṣin ta á nípàá.

Láti 1984 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Pickett ṣe ìdíje àwọn ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ dúdú káàkiri Amẹ́ríkà. Ìdíje náà máa ń dé Conyers, tí kò jìnnà sí Loganville, ní pápá ẹṣin tí wọ́n kọ́ fún Òlíḿpíìkì 1996. Bí ẹ bá lọ, ẹ tètè dé. Ẹ lọ sẹ́yìn pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo àwọn ọmọdé àti àgbà tí wọ́n ń di ẹṣin wọn ní gàárì. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n á fa ọ̀já, tí wọ́n á mú ẹṣin rìn díẹ̀, tí wọ́n á sì tún fà á.