Ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ọmọ wa lọ wo ìlú àwọn èèyàn wọn



Ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ wa wà nínú ìsinmi ńlá. Àgbàdo àkọ́kọ́ ti ń wọlé láti oko. Òjò náà máa ń dá díẹ̀. Ìgbà yẹn dára fún bàbá, ìyá àti ọmọ láti jáde lọ wo abúlé mìíràn. Àwọn kan á ní: "Ìrìn fàájì, ti olówó ni." Rárá o. Kò di dandan kí á lọ jìnnà. Ìlú àwọn èèyàn wa wà nítòsí, ó sì dùn ún wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí.

Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní Kútọnú. Ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi sọ pé: "Kò sí nǹkan kan níbí. Igi ọ̀pẹ àti oko àgbàdo nìkan ni." Bàbá wa kò bínú. Wọ́n ní: "Ó dáa. Lọ́la, a ó lọ kí ìyá yín àgbà lẹ́bàá Kétu."

A jáde ní ìdájí. A bọ́ sí ọ̀nà ńlá ní Ikpinlè, a gba Pobè kọjá. Bàbá ń fi ọwọ́ tọ́ka. Wọ́n ní: "Ní Pobè yìí, láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà. Ọ̀pẹ tí wọ́n mú dára síi níbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin." Àbúrò mi tí ó ní ọ̀pẹ kì í ṣe nǹkan kan, ó yọ ojú síta, ó ń wò.

Ní Kétu, a dúró ní ẹnu ibodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Akaba Idena. Láyé àtijọ́, odi àti yàrà ló yí ìlú náà ká. Ní ọdún 1886, ọmọ ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rú lọ. Ní ọdún 1894, àwọn tó kù padà wá, wọ́n tún ìlú náà tẹ̀ dó.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí wọn. A jẹun tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Wọ́n sọ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún wa: bí Ẹ̀fẹ̀ ti ń kọrin lóru, bí ijó ti ń jáde lọ́sàn-án, láti fi bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ogún gbogbo ayé ni, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àkójọ wọn ní ọdún 2008.

Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà ní: "Nígbà tí Kétu fọ́, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ìyá ìyá mi wà tí wọ́n fi kó wọn lọ." Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ki oríkì rẹ̀. Mo yára kọ orúkọ náà sínú ìwé mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń ṣú, awakọ̀ ń pè wá. Mo ní màá kọ oríkì náà nígbà tí a bá padà wá.

Kí ọdún tó yí po, ìyá àgbà ti lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ oríkì náà mọ́ nínú ilé wa. Orúkọ tí mo kọ wà lọ́wọ́ mi. Oríkì tí mi ò kọ ti bá ìyá lọ.

Àwọn àgbà ní: bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá lọ béèrè, àrọ́bá náà á kú.

Bí ẹ ó ti múra

1. Ẹ ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ má bàa bá ilé ní títì.
2. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀, ìwé àjẹsára àwọn ọmọ, omi mímọ́ àti àwọ̀n ẹ̀fọn.
3. Bí ẹ bá gun zémidjan, ẹ má ṣe kó gbogbo ilé sórí alùpùpù kan. Ẹ dé akoto.
4. Ẹ mú ìwé àti kálàmù. Ẹ kọ nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ó di ìgbà mìíràn.

Kíka pátákó ojú ọ̀nà

Bí Faransé ti ń kọ̀wé ni wọ́n kọ orúkọ ìlú sójú pátákó. Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú. *Kétou*: "ou" wọn ni "u" tiwa. *Pobè*: "è" wọn ni "ẹ" tiwa. *Adja-Ouèrè*: "dj" wọn ni "j" tiwa, "Ou" tí ó ṣáájú "è" sì ni "w" tiwa.

Ìṣirò

Ká sọ pé ilé kan fẹ́ rìnrìn àjò. Owó ọkọ̀ àlọ jẹ́ 4.000 frank, àbọ̀ jẹ́ 4.000. Oúnjẹ jẹ́ 2.500. Ẹ̀bùn àwọn àgbà jẹ́ 1.500. Owó ìpamọ́ fún àìsàn jẹ́ 2.000.

Èló ni gbogbo rẹ̀? Bí wọ́n bá ń fi 1.000 frank pamọ́ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà wọ́n?

Ìbéèrè

1. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Kétu ní ọdún 1886? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1894?
2. Kí ni òǹkọ̀wé yìí kọ sílẹ̀? Kí ni kò kọ?
3. Ta ni ó dàgbà jù nínú ẹbí yín? Abúlé wo ni wọ́n wà? Ẹ kọ orúkọ wọn àti ti ìyá wọn síbí. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ béèrè kí á tó tún pàdé ní kíláàsì.