Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọkọ̀ Tó Mọ Ìgbà Tí Iná Yóò Yí

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó ka àyọkà nípa ọkọ̀ àti epo, ẹ ó sì kọ́ bí a ṣe ń lo *kí … tó* àti *bí … bá*.

Àyọkà

Bí iná tí ń darí ọkọ̀ bá ti pupa níwájú, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣì máa ń sáré lọ bá a, kí wọ́n tó tẹ búréèkì. Kí ni eré yẹn ṣe fún wọn? Ó kàn jẹ epo ni.

Epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ló ń di eré ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, eré náà á di ooru, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Kí ọkọ̀ náà tó padà sí eré tó ń sá tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jó epo mìíràn. Ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì lè gba díẹ̀ padà nínú agbára yìí, kò lè gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Láti ọdún 2014, eré tí òfin gbà láàyè ní ọ̀pọ̀ òpópónà New York ni máìlì 25 láàárín wákàtí kan. Ká sọ pé ìdá kan nínú márùn-ún máìlì ló kù kí ẹ dé ìdí iná kan, àti pé yóò ṣì pupa fún ìṣẹ́jú àáyá 36. Bí ẹ bá sá eré 25, ẹ ó dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 29, ẹ ó sì dúró. Bí ẹ bá sá eré 20, ìgbà tí iná bá ń yí gẹ́lẹ́ lẹ ó dé ibẹ̀. Ẹni tó rọra ló máa ṣáájú, torí pé orí ìrìn ni iná ti bá a.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé awakọ̀ kò mọ iye àáyá tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà lára òpó iná lè fi rédíò sọ ọ́ fún ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á ṣírò eré tó yẹ, á sì sọ fún awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tó ń wa ara rẹ̀, á dín eré kù fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yan New York, Tampa àti ìpínlẹ̀ Wyoming láti dán irú ìbánisọ̀rọ̀ yìí wò. Ní New York, wọ́n fi ẹ̀rọ sí àwọn òpópónà Manhattan àti sí Flatbush Avenue ní Brooklyn, àti sínú nǹkan bí 3,000 ọkọ̀. Ààbò ẹ̀mí ni wọ́n fi ṣáájú: ẹ̀rọ náà ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ já iná pupa. Àmọ́ ìròyìn kan náà lè dín epo kù.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ṣiṣẹ́. Bí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá wà, àwọn ọkọ̀ tó ti tò síwájú ló máa pinnu ìgbà tí ẹ ó kọjá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Àpò ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí ti ń yọ owó epo, ọmọ tí ilé rẹ̀ wà létí oríta ló sì ń fa èéfín símú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ tuntun

*oríta*: ibi tí ọ̀nà ti pàdé
*já iná*: kí awakọ̀ kọjá nígbà tí iná pupa
*sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ*: kí ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà débi pé wọn kò lè sáré

Gírámà

*Kí … tó* ń fi hàn pé nǹkan kan ṣáájú òmíràn: *Kí iná tó yí, ẹ dín eré kù.*
*Bí … bá* ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn olùwà ni *bá* máa ń wà: *Bí iná bá pupa, ẹ dúró.*

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí ẹni tó rọra fi ṣáájú ẹni tó sáré?
2. Ẹ fi *bí … bá* so gbólóhùn méjì yìí pọ̀: *Òjò ń rọ̀. Awakọ̀ ń rọra.*
3. Ní méjì méjì, ẹ ṣe awakọ̀ àti èrò tó ń kánjú. Èrò náà ju awakọ̀ lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà *ẹ* ni awakọ̀ máa lò fún un. Kí awakọ̀ ṣàlàyé ìdí tó fi ń rọra.