ÌṢIRÒ INÁ MÀNÀMÁNÁ

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, òkè àjà ni wáyà iná mànàmáná ń gbà kọjá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, a sì ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìṣirò ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe láìséwu. Ó yẹ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ mọ̀. Èkíní ni ipá tí ń ti iná gba inú wáyà. Fólítì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Èkejì ni bí iná tí ń ṣàn ti pọ̀ tó. Ámpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta ni ìdènà tí iná ń bá pàdé lọ́nà. Óòmù ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Georg Simon Ohm, ará Jámánì kan tí ó ti ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú Cologne, ni ó tẹ òfin tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jáde nínú ìwé ní ọdún 1827. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ ka ìwé náà sí, ṣùgbọ́n ní ọdún 1841, ẹgbẹ́ Royal Society ti ìlú London fi àmì-ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Òfin náà nìyí: bí a bá fi ámpíà pín fólítì, ìdènà ni yóò jáde. Bí a bá sì fi ámpíà sọ fólítì di púpọ̀, agbára tí ohun èlò ń lò ni yóò jáde. Wáàtì ni a ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a mú ayọ́ọ̀nù tí ń gba ámpíà 5 láti ara iná fólítì 230. Bí a bá fi 5 pín 230, ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 46. Bí a bá fi 5 sọ 230 di púpọ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,150.

Nísinsìnyí, ká ní a so ayọ́ọ̀nù náà, kẹ́tùlù ámpíà 10 àti sítóòfù ámpíà 10 mọ́ wáyà kan ṣoṣo. Ámpíà 25 ni yóò máa gba inú wáyà náà. Wáyà pàápàá ní ìdènà tirẹ̀. Ká pè é ní óòmù 0.2. Nígbà tí ayọ́ọ̀nù nìkan ń ṣiṣẹ́, fólítì 1 péré ni wáyà ń gbà, ooru rẹ̀ kò sì ju wáàtì 5 lọ. Nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀, yóò gba fólítì 5, ooru rẹ̀ yóò sì di wáàtì 125. Iná tí ń ṣàn pọ̀ sí i ní ìlọ́po 5, ṣùgbọ́n ooru pọ̀ ní ìlọ́po 25! Báyìí ni ike ara wáyà ṣe ń yọ́, tí ilé sì ń jó.

Nítorí èyí ni a ṣe ń fi fúùsì ámpíà 13 sínú púlọ́ọ̀gì. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, fúùsì a yọ́, iná a sì dá. Ẹni tí ó bá yọ fúùsì, tí ó fi wáyà lásán dípò rẹ̀, ó ti lé aṣọ́de kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdánwò: Kí ni ìdènà kẹ́tùlù tí a dárúkọ lókè yìí? Wáàtì mélòó ni ó ń lò? Ṣé ó yẹ kí a so òun àti sítóòfù mọ́ púlọ́ọ̀gì ámpíà 13 kan náà? Sọ ìdí rẹ̀.