Ta Ló Ni Ọ̀nà Iwájú Ilé Yín?

Ẹ̀yin ọmọ Pópó Àgùdà, mo gbọ́ pé ẹ ti ń dáwó símẹ́ǹtì láti fi ṣe bọ́ǹpù sí òpópónà Bámgbóṣé. Ẹ kú àánú àwọn ọmọ iléèwé tó ń sọdá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ ná. Bọ́ǹpù tí kò ní àmì, tí ẹnikẹ́ni kò kùn, ni kẹ̀kẹ́ máa ń já lù lálẹ́ tí yóò fi dojú dé. Ọkọ̀ tó bá gbé aboyún lọ sí Island Maternity náà yóò gorí rẹ̀. Àti pé lọ́jọ́ tí ẹ bá ti fi owó ara yín ṣe iṣẹ́ káńsù, káńsù á dúpẹ́, á sì padà lọ sùn.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú símẹ́ǹtì ni pé, ta ló ni ọ̀nà? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Afárá Third Mainland, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Awakọ̀ tó bá sáré kọjá lórí ẹ̀ á sọ̀ sí Adéníji Adélé, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi wọ àárín àdúgbò tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, eré afárá ò sì tíì kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Road Safety tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀ ní 1988, ti ìjọba àpapọ̀ ni. LASTMA, àjọ tó ń darí lílọ bíbọ̀ ọkọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ti ìpínlẹ̀ ni. Gọ́tà, iná ojú pópó, àwọn títì àdúgbò àti gáréèjì ọkọ̀ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kó wọn fún ìjọba ìbílẹ̀. Kódà láísẹ́ǹsì ọmọlanke, ọ̀dọ̀ wọn náà ló wà.

Lórí Erékùṣù Èkó wa yìí, káńsù méjì ló wà: Lagos Island àti Lagos Island East. Ìpínlẹ̀ Èkó ló dá East sílẹ̀ nígbà tó fi káńsù 37 kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀ ní 2003. Orúkọ Lagos Island wà nínú òfin ilẹ̀, ti East kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ti kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n Ààrẹ Ọbásanjọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí gbé ẹsẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó ní 2004. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó di ìgbà Ààrẹ Yar'Adua kí owó tó jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà ní kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí owó bá ti ẹ̀ dé, tí káńsù kan bá kun ìlà funfun fún ẹlẹ́sẹ̀ dé ìdajì àdúgbò, tí èkejì kò mọ̀ sí i, ọkọ̀ kò mọ ààlà.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe kàrẹ́tà, ayẹyẹ ìgboro wa nígbà Àjíǹde. Campos, Lafiaji, Òkè Pópó, Ẹpẹ̀tẹ̀dó, kálukú ló ní aṣọ àti ìlù tirẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ti mọ ibi tí wọ́n máa gbà kọjá kí ọjọ́ tó kò. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó aṣọ láàárọ̀ ọjọ́ Àjíǹde. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ìgbà tí wọ́n bá gbé òkú lórí títì tán la máa ń wá owó kiri.

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí owó ń fara pamọ́ sí nínú ìṣúná. Títì tuntun lọ́lá, ó ní rìbọ́ǹnì àti fọ́tò. Ọ̀dà funfun tó ti ṣá, gílóòbù tó ti jó, pátákó iléèwé tó ti wó, kò sí alága tó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ìwọ̀nyí. Bẹ́ẹ̀ títì tó bá ń dán láìní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà sọdá, eré ló máa ń pe awakọ̀ sí. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè títì. Ẹ bèèrè owó àtúnṣe tí yóò máa wà nínú ìṣúná lọ́dọọdún, kó ní ìlà tirẹ̀, kó má farasin sábẹ́ ‘àwọn iṣẹ́ mìíràn’.

Kí ẹ lè fi ẹ̀rí bèèrè é, ẹ ra ìwé kan. Ìjàm̀bá yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, aago, igun òpópónà, irú ọkọ̀, bóyá iná ń tàn tàbí kò tàn. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí oṣù kẹwàá tó wọlé, nígbà tí wọn kò tíì gbé ìṣúná January síwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, ẹ kọ lẹ́tà pe àwọn káńsẹ́lọ̀ káńsù méjèèjì láti jókòó pọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá LASTMA àdúgbò. Wọ́n á ní ẹ lọ bá ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n jọ jókòó. Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé káńsù sì lu òǹtẹ̀ sí tiyín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.