Èéfín Funfun Lẹ́nu Sàlẹ́ńsà Peugeot 504 Láàárọ̀

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan tó ń gbé Ìbàdàn kọ̀wé pé èéfín funfun máa ń rú láti inú Peugeot 504 tí òun jogún nígbà tí òun bá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, àti pé mẹkáníìkì ní àfi kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìdáhùn: Kò tíì yẹ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì náà, nítorí pé àwọ̀ èéfín nìkan kò tó ẹ̀rí, bí èéfín náà ṣe ń pẹ́ tó, àti ohun tó ń dínkù nínú ọkọ̀ bó ti ń jáde, ni yóò fi ibi tí àìsàn wà hàn. Nígbà tí pẹtiróòlù bá ń jóná, omi wà lára ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde, débi pé líta pẹtiróòlù kan ń mú nǹkan bíi líta omi kan wá, èyí tó máa ń bá sàlẹ́ńsà jáde ní oru, ìyẹn omi tó ti di afẹ́fẹ́, tí ojú kì í sì í rí bí irin bá ti gbóná. Bí irin náà bá tutù, pàápàá ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tàbí lẹ́yìn òjò òru, oru yìí á funfun bí ìkùukùu, omi á máa kán lẹ́nu páìpù, gbogbo rẹ̀ á sì pòórá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí kì í ṣe àìsàn rárá, bó ti wù kí ọkọ̀ náà ti pẹ́ tó.

Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni èéfín tó nípọn, tí kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù 504 tó ń lo pẹtiróòlù, irin dídà sì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í fẹ̀ bákan náà bí ooru bá mú wọn, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn, tó ń ya omi, ọ́ìlì àti iná sọ́tọ̀, ló sì ń jìyà rẹ̀. Bó bá ti jó, omi ráńdíétọ̀ á máa wọ inú sílíńdà lóru, á sì di èéfín láàárọ̀.

Àwọn ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tí wọ́n kọ ní Yúróòpù sábà máa ń ní kí ènìyàn gbóòórùn èéfín náà, pé bó bá ń rùn bí ohun dídùn, omi ráńdíétọ̀ ló ń jóná. Ìmọ̀ràn yìí tọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń po kúláǹtì mọ́ omi, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí omi dì tàbí kí irin dípẹtà, torí kúláǹtì ló ni òórùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé omi lásán ni wọ́n ń rọ sínú ráńdíétọ̀ wọn, omi lásán kò sì ní òórùn tí imú lè mú. Nítorí náà, àìgbóòórùn kò túmọ̀ sí pé gásíkẹ́ẹ̀tì le.

Wíwo ìwọ̀n omi ló dájú jù. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ rọ omi kún ráńdíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù (ṣíṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó bá gbóná lè bó ènìyàn lójú), kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì máa wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Bí omi bá ń dínkù láìkán sílẹ̀, tí ó ń hó kùtùkùtù nínú ráńdíétọ̀ láìdáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, tí pílọ́ọ̀gì kan sì mọ́ ju àwọn yòókù lọ nítorí oru tó ń fọ̀ ọ́, a jẹ́ pé òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ. Ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà lábẹ́ ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí kò tó ẹ̀rí fúnra rẹ̀, torí ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà máa ń ní i.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í tètè rántí, tó sì léwu ju gásíkẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ̀yìn másítà bíréékì ni háídíróváàkì wà, ìyẹn agolo ńlá tó ń fi agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Bí rọ́bà inú másítà bá ti gbó, ọ́ìlì bíréékì á máa jò sínú agolo náà, ẹ́ńjìnnì á fà á mu, á sì jó o di èéfín funfun, nígbà tí omi ráńdíétọ̀ kò dín rárá. Bí ọ́ìlì bíréékì bá ń lọ sílẹ̀ tí kò sì sí ibi tó ń jò lẹ́sẹ̀ táyà, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kúrò nílé títí wọn yóò fi pààrọ̀ másítà.

Ọ̀rọ̀ omi kò kan Volkswagen Ìjàpá, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ́ìlì tó yọ́ wọ inú sílíńdà rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ ló sábà máa ń fa èéfín àárọ̀ tirẹ̀.

Bí títú tọ́ọ̀pù 504 náà bá di dandan, kí wọ́n fi irin tó gún wo bí ojú rẹ̀ ṣe tẹ́jú tó, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní pẹ́ lórí alumíníọ̀mù tó ti wọ́. Sílíńdà 504 kò lẹ̀ mọ́ ara ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì; láínà ni, ìyẹn ọpọ́n irin tí wọ́n tì bọ ibẹ̀ tí omi sì yí ká, ó sì lè gbéra bí wọ́n bá yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́ọ̀pù kò sí lórí rẹ̀, kí omi wá ráyè wọ inú ọ́ìlì. Kí wọ́n fi bóòtù àti wọ́sà de àwọn láínà náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yí ẹ́ńjìnnì náà.